Ẹ̀kọ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣègùn àfikún: ohun tó wà nídìí àríyànjiyàn tó ń lọ

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé àbá ètò ìṣúná ọdún 2026 jáde ní ọdún 2025, ọ̀kan lára ohun tó wà nínú rẹ̀ tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbajú ìwé ìròyìn ni pé kí wọ́n pa NCCIH rẹ́. NCCIH ni ibùdó tó ń rí sí ìwádìí lórí ìṣègùn àfikún àti ìṣègùn àmúpapọ̀ lábẹ́ NIH, àjọ ìwádìí ìlera ti ìjọba àpapọ̀ wọn. Àbá yìí kan náà ló fẹ́ gé owó NIH kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá, kí wọ́n sì kó àwọn ilé ìwádìí àti ibùdó 27 tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ di mẹ́jọ. Ìgbìmọ̀ ìṣúná ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà kò fara mọ́ ọn nígbà tí wọ́n jókòó lé e lórí ní oṣù keje ọdún náà. Wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n fi díẹ̀ kún owó àjọ náà ni. Síbẹ̀, àbá náà ti gbé ìbéèrè kan dìde tí kò tíì rọlẹ̀: kí ni ìlú ń rí gbà lórí owó tó ń ná láti fi kọ́ àwọn onímọ̀ tó ti gboyè ọ̀mọ̀wé tàbí oyè ìṣègùn òyìnbó tán bí wọn yóò ṣe máa ṣèwádìí lórí abẹ́rẹ́ àwọn ará Ṣáínà (acupuncture, ìyẹn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní oògùn nínú tí wọ́n ń gún sí ara), egbòogi, yóógà, àṣàrò àti títo eegun ẹ̀yìn?

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ìṣègùn àfikún ni ìtọ́jú tí kò sí lára ohun tí ilé ìwòsàn sábà máa ń fún èèyàn, ṣùgbọ́n tí aláìsàn ń lò pẹ̀lú èyí tí dókítà fún un. Ìṣègùn àmúpapọ̀ ni ti pé ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ló mú méjèèjì wá sábẹ́ òrùlé kan náà, tí dókítà àti oníṣẹ́ ìtọ́jú àfikún sì jọ mọ ohun tí oníkálukú ń ṣe. Bí ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ bá ń gba ìtọ́jú abẹ́rẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ nítorí èébì àti inú rírú, inú èyí ló wà. Ẹni tó bá pa oògùn jẹjẹrẹ rẹ̀ tì, tó gbé ara lé egbòogi nìkan, ti jáde kúrò níbẹ̀, ẹ̀kọ́ tí à ń sọ yìí kò sì wà láti ti irú rẹ̀ lẹ́yìn. Iye àwọn tó ń lò ó kò kéré. Ìwádìí ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè náà fi hàn pé àwọn àgbàlagbà tó lo ó kéré tán ọ̀kan nínú ìtọ́jú àfikún méje tí wọ́n béèrè nípa rẹ̀ jẹ́ ìdá 19.2 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọdún 2002, nígbà tó sì fi máa di ọdún 2022, wọ́n ti tó ìdá 36.7. Àwọn èèyàn ti lọ síwájú ní tiwọn. Ìwádìí ló ń sáré tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn.

Oríṣi èèyàn méjì ló sábà máa ń wá sí ẹnu ẹ̀kọ́ yìí. Èkíní ni ọ̀mọ̀wé inú yàrá ìwádìí, tó mọ èròjà inú ewé wò títí dé ibi tí ojú lásán kò tó, ṣùgbọ́n tí kò rí aláìsàn tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ rí. Èkejì ni oníṣègùn tàbí oníṣẹ́ ìtọ́jú àfikún tó ti ń tọ́jú èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó mọ ibi tó ti ń dun aláìsàn kí ó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí kò kọ ètò ìwádìí kan kí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà tó tọ́ fọwọ́ sí i rí. Yunifásítì Harvard, Yunifásítì California ní San Francisco àti Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill wà lára àwọn tó ti ń gba irú wọn sí ẹnu ẹ̀kọ́ pẹ̀lú owó NIH. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, wọn yóò ní ọ̀gá kan tàbí méjì tó ń tọ́ wọn sọ́nà, wọn yóò kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ìwádìí àti bí àìsàn ṣe ń tàn ká láàárín àwùjọ, àwọn mìíràn yóò tilẹ̀ gba oyè kejì nínú ìlera gbogbogbòò. Wọn yóò ṣe ìwádìí kékeré kan tí ó jẹ́ tiwọn, wọn yóò kọ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀, wọn yóò sì kọ ìwé ìbéèrè owó tí yóò gbé wọn dúró nígbà tí wọ́n bá kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Nínú gbogbo rẹ̀, mo rò pé èyí tó ṣe pàtàkì jù kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́ kankan: wọ́n ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń ṣiyèméjì sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn.

Kí ló dé tí oyè ọ̀mọ̀wé nìkan kò fi tó? Ìdí ni pé dídán ìtọ́jú wọ̀nyí wò le ju dídán hóró oògùn wò lọ. Bí ilé iṣẹ́ kan bá ṣe oògùn tuntun, ó rọrùn láti ṣe hóró mìíràn tó jọ ọ́ láwọ̀, tó jọ ọ́ lẹ́nu, tí kò sì ní nǹkan kan nínú, kí wọ́n wá fi kèké pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ èyí tó gbà. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe ń gún ẹlòmíràn lábẹ́rẹ́ láìgún un? Ní ọdún 1998, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ kan jáde ní Jámánì tí ẹnu rẹ̀ kú, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tì í sí ara, ṣe ni igi rẹ̀ yóò wọ inú ìdìmú lọ, aláìsàn á sì rò pé ó ti wọ òun lára. Ọgbọ́n ńlá ni. Àmọ́ ẹni tó ń gún un mọ̀ dájú pé kò wọlé, ojú rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ sì lè tú àṣírí náà. Nínú yóógà àti títo eegun, kò tilẹ̀ sí ohun tí èèyàn lè pè ní ayédèrú tó péye.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìwádìí kan fínnífínní, nítorí irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí kí wọ́n tú u palẹ̀. Ní Jámánì, wọ́n kó àwọn 1,162 tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún ìgbà pípẹ́ jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta: àwọn kan gba acupuncture gẹ́gẹ́ bí ìlànà Ṣáínà ṣe là á sílẹ̀, àwọn kan gba gígún tí kò jinlẹ̀ sí ojú ibi tí ìlànà náà kò kà sí, àwọn tó kù sì gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn tí gbogbo ayé mọ̀, ìyẹn oògùn, ìfọwọ́tọ́jú àti eré ìdárayá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara ti yá ìdá 47.6 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ti àkọ́kọ́, ìdá 44.2 lára àwọn ti èkejì, àti ìdá 27.4 péré lára àwọn ti ẹ̀kẹta.

Ẹni tó fẹ́ràn acupuncture yóò ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ìkẹta, yóò ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti ilé ìwòsàn lọ ní ìlọ́po méjì. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ yóò ka àkọ́kọ́ àti ìkejì, yóò ní kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín òótọ́ àti ayédèrú, nítorí náà ìtàn àròsọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ibi tí wọ́n ń gún. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni láti béèrè ohun tí ẹnì kankan nínú wọn kò béèrè. Ṣé gígún tí kò jinlẹ̀ yẹn kò ṣe nǹkan kan lára lóòótọ́, àbí òun náà jẹ́ ìtọ́jú ní ọ̀nà tirẹ̀? Àwọn tó gba ìtọ́jú ilé ìwòsàn ti ń gba irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ láìrí ìtura, ṣé ìjákulẹ̀ pé àwọn kọ́ ni kèké mú fún abẹ́rẹ́ kò kó bá wọn bí? Ìṣẹ́jú mélòó ni oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ fi jókòó ti aláìsàn, mélòó sì ni dókítà fi jókòó tì í?

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni Ted Kaptchuk àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard dojú kọ nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 lórí àwọn 262 tí inú ń yọ lẹ́nu, tí ìfun wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ìdá kan nínú wọn kàn wà lórí ìlà ìdúró. Ìdá kejì gba abẹ́rẹ́ ayédèrú lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wọn sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ìdá kẹta gba abẹ́rẹ́ ayédèrú kan náà, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ náà fi ìṣẹ́jú 45 jókòó, ó béèrè nípa ayé wọn, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó sì fi dá wọn lójú pé yóò dára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ti ìlà ìdúró ló sọ pé àwọn rí ìtura tó tó, ìdá 44 lára àwọn ti èkejì, ìdá 62 lára àwọn ti ẹ̀kẹta. Títí di ìgbà yẹn, kò sí ẹnì kankan nínú gbogbo wọn tí abẹ́rẹ́ gidi kàn. Ẹni tó bá lọ ṣe ìwádìí ìtọ́jú àfikún láìka irú èyí sí yóò máa wọn ìwà pẹ̀lẹ́ oníṣẹ́ ìtọ́jú, yóò sì rò pé abẹ́rẹ́ ni òun ń wọ̀n.

Ìyẹn kò wá túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohunkóhun nínú ara. Helene Langevin, tó di olórí NCCIH ní ọdún 2018, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá yí abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tó ti wọ ara tán. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé fọ́nrán ẹran tó so awọ mọ́ iṣan máa ń wé mọ́ abẹ́rẹ́ náà, bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́ ìrànwú, tí yóò sì fa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí rẹ̀. Ohun tí èyí ń ṣe fún ìrora jẹ́ ìbéèrè mìíràn, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn lè fi maikirosikópù rí ni, kò dúró lórí ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti egbòogi tún ní wàhálà tirẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìtọ́jú kan fún àwọn tó fẹ́ dín sísanra kù ní Brussels, olú ìlú Bẹ́ljíọ̀mù, fi ewéko Ṣáínà méjì kún oògùn tó ń fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yẹ kó jẹ́ Stephania tetrandra. Ohun tí wọ́n rà gan-an ni Aristolochia fangchi, nítorí orúkọ méjèèjì jọra lẹ́nu àwọn oníṣòwò Ṣáínà, èyí tí wọ́n rà sì ní oró tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló fara káásá rẹ̀. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ nínú wọn daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá, jẹjẹrẹ ọ̀nà ìtọ̀ sì tún jẹ yọ lára àwọn kan lẹ́yìn náà. Kò sí dókítà kan níbẹ̀ tó fẹ́ ṣe ibi. Ẹni tó mọ ewé kò sí níbẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí NCCIH kì í fi í fún èèyàn lówó láti dán ewé kan wò lára èèyàn àyàfi bó bá lè fi hàn pé ewé tó wà lọ́wọ́ òun ni èyí tí òun sọ, pé èròjà rẹ̀ kò yàtọ̀ láti ìpele kan sí òmíràn, àti pé kò sí ìdọ̀tí tàbí oògùn òyìnbó tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lo ọ̀pọ̀ oṣù lórí èyí nìkan kí wọ́n tó rí aláìsàn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá rò pé ìdádúró lásán ni kò tíì gbọ́ ti Brussels.

Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, àbájáde lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń dán wò kò ṣiṣẹ́. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ewé ginkgo nítorí àrùn ìgbàgbé gba àwọn 3,069 tí ọjọ́ orí wọn tó 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wọlé, wọ́n sì ṣọ́ wọn fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2008, àwọn 277 ló ní àrùn náà lára àwọn tó lo ginkgo, 246 lára àwọn tó lo hóró tí kò ní nǹkan nínú. Ginkgo kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

Irú àbájáde báyìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìṣèlú àti ìmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1991 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ya mílíọ̀nù méjì dọ́là sọ́tọ̀ fún ọ́fíìsì kékeré kan tí yóò máa wádìí irú ìtọ́jú wọ̀nyí, Sẹ́nétọ̀ Tom Harkin láti Iowa ló sì wà nídìí rẹ̀. Olórí àkọ́kọ́ tí wọ́n fi síbẹ̀, Joseph Jacobs, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1994 nítorí bí àwọn olóṣèlú àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn ṣe ń fúngun mọ́ ọn. Ọ́fíìsì náà di ibùdó ní ọdún 1998, ó gba orúkọ NCCIH ní ọdún 2014. Ní ọdún 2009, Harkin fúnra rẹ̀ sọ níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin pé ibùdó náà já òun kulẹ̀, nítorí ó dà bíi pé ohun tó ń fihàn pé kò ṣiṣẹ́ pọ̀ ju ohun tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ni ìyìn tó dára jù lọ tí ibùdó náà tíì gbà rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó sọ ọ́ kò fi yìn ín. Àwọn alátakò ní tiwọn sọ pé owó tí wọ́n fi wádìí ohun tí kò ní ìpìlẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣòfò. Owó náà kò ju nǹkan bí 170 mílíọ̀nù dọ́là lọ ní ọdún 2023, kò sì tó ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lára gbogbo owó NIH.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mi ò lè fò dá, nítorí ó fi hàn pé èrò yìí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan. Láti ọdún 1959 sí 1962, ìjọba Ṣáínà kó àwọn onímọ̀ oògùn tó kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlànà òyìnbó jọ, wọ́n sì fi wọ́n sẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Tu Youyou wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ wíwá oògùn ibà lé e lọ́wọ́ ní ọdún 1969, ewé qinghao wà lára ohun tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dán wò, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn a ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn a kọ̀. Ó padà sí ohun tí Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́ kan, kọ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin, ó rí i pé inú omi lásán ni ó ní kí wọ́n rẹ ewé náà sí, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì mu omi rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n sè é. Ó wá fi èròjà tó ń hó ní ooru kékeré fà á jáde, ní oṣù kẹwàá ọdún 1971 sì ni àyọkúrò nọ́ńbà 191 pa kòkòrò ibà inú eku láìku ẹyọ kan. Artemisinin nìyẹn, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Tu kò ní oyè ọ̀mọ̀wé. Kaptchuk tí mo dárúkọ lókè náà kò ní in. Ohun tí àwọn méjèèjì ní ni pé wọ́n gbọ́ èdè agbo méjèèjì.

Kí á wá bọ́ sórí owó, torí ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́sẹ̀. Ètò owó ìrànwọ́ NIH tó ń jẹ́ T32, tí yunifásítì ń gba owó rẹ̀ láti fi tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan, àti F32, tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀bẹ̀ fún fúnra rẹ̀, wà lábẹ́ òfin kan náà. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ló lè jẹ ẹ́, kò sì lè ju ọdún mẹ́ta lọ fún ẹni tó ti gboyè. Àwọn àjèjì lè gbìyànjú K99, owó ìrànwọ́ NIH mìíràn, tí òun kò béèrè ìwé ọmọ onílùú, ṣùgbọ́n ìdíje ibẹ̀ le. Nínú T32 àti F32, oṣù kọ̀ọ̀kan nínú ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ gbèsè tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ ìwádìí, iṣẹ́ olùkọ́ tàbí iṣẹ́ ìlera san padà. Bó bá dúró títí di ọdún kejì, ọdún kejì náà ló ń san ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 2024, 61,008 dọ́là lọ́dún ni òṣùwọ̀n owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń gba NIH nímọ̀ràn ti sọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 pé ó yẹ kó tó 70,000 ó kéré tán. Fún oníṣẹ́ acupuncture tàbí dókítà tó ti ní oníbàárà tirẹ̀, kí ó pa ilé iṣẹ́ rẹ̀ tì fún ọdún méjì nítorí irú owó yìí kì í ṣe ìpinnu kékeré. Èyí sì ni ẹni tí ètò náà nílò jù.

Àbájáde iṣẹ́ wọn ti ń wọ inú ìgbésí ayé àwọn èèyàn láìpariwo. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àìsàn inú ara ní Amẹ́ríkà (American College of Physicians) kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí dókítà kọ́kọ́ gbìyànjú ìtọ́jú tí kì í ṣe oògùn fún ẹ̀yìn dídùn, lára èyí tí wọ́n ka wíwọ́ ara, acupuncture, yóógà àti tai chi (eré ìdárayá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti àwọn ará Ṣáínà) sí. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, Medicare, ètò adójútòfò ìlera àwọn àgbàlagbà níbẹ̀, ti ń san owó acupuncture fún ẹ̀yìn dídùn ọlọ́jọ́ pípẹ́: ẹ̀ẹ̀méjìlá láàárín 90 ọjọ́, mẹ́jọ sí i bí aláìsàn bá ń gbádùn, kò sì gbọdọ̀ ju ogún lọ lọ́dún. Ẹ̀yìn dídùn nìkan ni; orí fífọ́ àti orúnkún kò sí níbẹ̀. Bóyá wọn yóò wọlé tàbí wọn kò ní wọlé wà lọ́wọ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ìwádìí tí mo tú palẹ̀ lókè yìí, tí kò sì ń ta ìtọ́jú náà fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, náà fọwọ́ sí ètò ìṣègùn ìbílẹ̀ tuntun tí yóò lọ títí di ọdún 2034, ẹ̀rí tó dájú sì wà lára ohun tó fi síwájú. Ẹni tí yóò kó ẹ̀rí náà jọ ni kò pọ̀.

Owó T32 kan sábà máa ń wà fún ọdún márùn-ún kí yunifásítì tó tún lọ bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn. Nítorí náà, bí ibùdó tó ń san án bá tilẹ̀ pa rẹ́, tàbí tí wọ́n pò ó mọ́ ilé ìwádìí mìíràn tí ojú rẹ̀ kò sí lára ìtọ́jú àfikún, àwọn tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ lè parí tiwọn láìsí ìyípadà púpọ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìwé ìbéèrè ni kò mọ ilẹ̀kùn tí wọn yóò kàn, nítorí ìgbìmọ̀ tó mọ̀ nípa jẹjẹrẹ tàbí ọkàn nìkan lè máà mọ ohun tó yẹ kó béèrè nípa abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kú, tàbí nípa ewé tí orúkọ rẹ̀ jọ ti òmíràn.